Ọ̀mọ̀wé Du Bois àti Àwọn Àwòrán Ìṣirò Rẹ̀

Bí a bá dárúkọ Ọ̀mọ̀wé W. E. B. Du Bois láàárín àwa tí ọ̀ràn òmìnira Áfíríkà jẹ lógún, àwọn àpérò gbogbo Adúláwọ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn. Iṣẹ́ rẹ̀ kan wà tí a kì í sábà mẹ́nu bà, tí ó sì yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ dájú: òun ni ó mú iye orí, iye ilẹ̀ àti iye owó àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ó yà wọ́n sórí páálí ní ìlà àti àwọ̀, tí ó sì gbé wọn lọ síwájú gbogbo ayé.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1868 ni a bí i ní Great Barrington, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí a fòpin sí ẹrú níbẹ̀. Ó kàwé ní Fisk, ní Harvard àti ní Berlin, ní ọdún 1895 ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard. Ní àkókò náà, àwọn òyìnbó kan ń kọ ọ́ sínú ìwé pé aláwọ̀ dúdú kò lè gòkè, pé ṣe ni wọn yóò máa dín kù títí wọn yóò fi run. Du Bois rí i pé ẹni tí yóò já irú irọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye. Ní ọdún 1896 àti 1897 ó ń ti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò kan ní Philadelphia, ó ń bi àwọn ará ilé léèrè iye tí wọ́n jẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti owó ilé tí wọ́n ń san.

Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Atlanta. Ibẹ̀ ni ó wà ní oṣù Kẹrin ọdún 1899 nígbà tí àwọn òyìnbó Georgia dáná sun Sam Hose láìsí ìdájọ́. Du Bois ti fi sùúrù kọ lẹ́tà kan, ó ń mú un lọ sí ilé ìwé ìròyìn, nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n ti pàtẹ egungun ìka ọkùnrin náà sínú ìsọ̀ kan. Ó yí padà sílé. Ó yé e láti ìgbà náà pé òǹkà nìkan kò lè yí ọkàn ẹni tí ó ti pinnu láti kórìíra padà. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀ràn yìí gan-an ni ó jókòó ti iṣẹ́ tí à ń wí.

Thomas Calloway, tí wọ́n jọ wà ní Fisk, ni ó ké sí i fún Ìpàtẹ Àgbáyé ti Paris ní ọdún 1900. Àkókò kò tó, owó kò sí. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi tàdáwà àti àwọ̀ olómi ya nǹkan bí ọgọ́ta àwòrán, gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kan fi hàn pé ilẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ dúdú ní ní Georgia ti ti éékà 338,769 ní ọdún 1874 dé 1,062,223 ní ọdún 1899. Òmíràn fi hàn pé àwọn tí kò mọ̀wé ní Rọ́ṣíà pọ̀ ní ìwọ̀n ju ti àwọn ọmọ ẹrú wọ̀nyí lọ, ọ̀rọ̀ tí kò ní dùn létí àwọn kan rárá!

Èyí tí ó wù wá jù ni ti ìlú àti ìgbèríko ní Georgia ní ọdún 1890. Àwọn tí ń gbé ìlú ńlá jẹ́ 78,139, àwọn ará oko àti abúlé sì jẹ́ 734,952. Bí a bá fa ìlà méjèèjì ní tààrà, ti ará oko yóò jáde kúrò lórí páálí. Du Bois kò gé e kúrú; ó ká a bí ejò, ní àwọ̀ pupa, kò sì sí ẹni tí yóò rí i tí kò ní dúró wò ó.

Àyè àwọn tálákà ni ó wọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Paris, àmì-ẹ̀yẹ wúrà ni ó sì gbà níbẹ̀. Ní ọdún 1909 ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ NAACP sílẹ̀. Ní ọdún 1960 ó wá sí Èkó nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Azikiwe gorí oyè Gómìnà-Àgbà. Ní ọdún 1961 ó kó lọ sí Gánà, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, ní ẹni ọdún 95.

Àwọn páálí náà wà ní ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington. Lóde òní àwọn ọ̀dọ́ ń fi kọ̀ǹpútà tún wọn yà, pẹ̀lú àkójọ àṣẹ bíi Matplotlib. Ọ̀pá ìṣirò kò ni wọ́n lára, àṣẹ kan péré ti tó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé orí ìlà pupa tí ó ká bí ejò, wọn kì í bá àṣẹ kankan nílẹ̀ fún un. Ṣe ni wọ́n ń jókòó fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́.