Akápò Tí Alátakò Yẹ Ìwé Rẹ̀ Wò

Gbogbo ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló ní akápò, gbogbo wa la sì mọ irú ariwo tó máa ń sọ nígbà tí akápò bá fẹ́ gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ mọ Antoine Dubuclet, akápò ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà láti 1868 sí 1878.

Ọdún 1810 ni wọ́n bí i ní agbègbè Iberville. Aláwọ̀ dúdú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹrú, àwọn òbí rẹ̀ náà kì í sì í ṣe ẹrú. Bàbá rẹ̀ ní ìpín nínú oko ìrèké ńlá kan. Nígbà tí bàbá kú ní 1828, ìyá kó àwọn àbúrò rẹ̀ lọ sí New Orleans, Antoine sì dúró ti oko. Iṣẹ́ náà yẹ ẹ́. Nígbà tó fi máa di 1860, ohun ìní rẹ̀ ti tó dọ́là 264,000.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ká mi lára nìyí: èèyàn tó lé ní 100 wà lára ohun ìní yẹn. Ẹrú ni wọ́n, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn ẹrú ní Louisiana, wọ́n máa ń kọ ẹ̀yà èèyàn àti iye owó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Nàgó wà lára àwọn ẹ̀yà náà, àwa Yorùbá ni wọ́n sì ń pè bẹ́ẹ̀. N kò lè sọ ìtàn ọkùnrin yìí kí n fo ibẹ̀.

Ogun abẹ́lé fòpin sí òwò ẹrú, ó sì ba iṣẹ́ ìrèké jẹ́. Ní 1868, nígbà tí aláwọ̀ dúdú ti lè dìbò, ẹgbẹ́ òṣèlú Republican fa Dubuclet kalẹ̀, ó sì wọlé. Àpò tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, gbèsè sì wà nílẹ̀. Ní 1872, ilé aṣòfin fẹ̀sùn kan Gómìnà Warmoth tí wọ́n jọ wọlé. Dubuclet kò kúrò ní tirẹ̀: àwọn ará ìlú tún dìbò yàn án ní 1870 àti 1874.

Ní 1877, ẹgbẹ́ Democrat gba ìjọba. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti tú ìwé owó rẹ̀ wò. Edward Douglass White, tó ti jagun fún àwọn ìpínlẹ̀ ẹlẹ́rú, tó sì wá di adájọ́ àgbà Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ló ṣáájú wọn. Wọ́n rí àṣìṣe díẹ̀ nínú ètò iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò rí ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Ó fipò sílẹ̀ ní 1878, kò sì dupò mọ́. Nígbà tó kú ní 1887, ohun tó fi sílẹ̀ kò ju nǹkan bíi dọ́là 1,000 lọ. Ẹni tó bá kó owó ìlú jẹ kì í kú bẹ́ẹ̀.

Ìwé owó ìpínlẹ̀ gbè é, ìwé oko rẹ̀ sì jẹ́rìí takò ó. Ẹnì kan náà ló ni ìwé méjèèjì. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí a bá fẹ́ yìn ín, ẹ jẹ́ ká ṣí méjèèjì.