Abraham Lincoln àti Àwọn Olùdámọ̀ràn Rẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Bí òwe yìí bá bá ẹnikẹ́ni mu nínú àwọn olórí tí ìtàn wọn ti di ìwé kíkà, ó bá Abraham Lincoln mu, ẹni tí ó jẹ́ Ààrẹ kẹrìndínlógún ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ọmọ ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ olówó. Síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ náà fẹ́ pín sí méjì, òun ni kò jẹ́ kí ó pín.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Fébúárì, ọdún 1809, ni a bí i nínú ahéré kan tí a fi ìtì igi kọ́ ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Àgbẹ̀ ni baba rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n Sarah, tí baba rẹ̀ fẹ́ lẹ́yìn náà, fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ tí ó bí nínú ara rẹ̀, ó sì ń fún un ní àyè láti kàwé. Bí a bá ka gbogbo ọjọ́ tí Lincoln fi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀, kò pé ọdún kan. Ìwé tí ó yá lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn ni ó fi kọ́ ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó dàgbà, ó ṣòwò, òwò náà dẹnu kọlẹ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún san gbèsè tí ó ti ibẹ̀ wá. Ó fúnra rẹ̀ kọ́ òfin títí ó fi di lọ́yà ní ọdún 1836. Ó ṣe aṣòfin, ó sì du ipò aṣòfin àgbà lẹ́ẹ̀mejì láìrí i gbà. Kò sọ ìrètí nù. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà, ọdún 1860, a dìbò yàn án ní Ààrẹ.

Kí ó tó gorí àlééfà ní ọjọ́ kẹrin oṣù Máàṣì, ọdún 1861, ìpínlẹ̀ méje ní ìhà Gúúsù ti ya kúrò lára orílẹ̀-èdè náà, nítorí wọ́n bẹ̀rù pé ìjọba rẹ̀ yóò fòpin sí ẹrú níní. Nínú irú wàhálà bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ni ẹlòmíràn ìbá kó jọ. Lincoln kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi William Seward ṣe olórí ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè, ó fi Salmon Chase ṣe olórí ìṣúra, ó sì fi Edward Bates ṣe olórí ọ̀ràn òfin. Àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n bá a du ipò nínú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Ní ọdún 1862, ó tún fi Edwin Stanton ṣe olórí ọ̀ràn ogun, bẹ́ẹ̀ Stanton yìí ti fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nígbà tí a gba àwọn méjèèjì ní agbẹjọ́rò nínú ẹjọ́ kan ní ọdún 1855. Lincoln mọ̀ pé wọ́n gbọ́n, kò sì kọ ọgbọ́n wọn nítorí àbùkù tí wọ́n fi kàn án.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ a kọ́kọ́ gbóná. Ní ọjọ́ kejì tí ó jókòó sórí ipò, a mú ìwé wá fún un pé oúnjẹ àwọn ọmọ-ogun tí wọ́n wà ní odi Fort Sumter kò ní pẹ́ tán. Bí ó bá kó wọn kúrò, ó ti gbà pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní ẹ̀tọ́. Bí ó bá fi oúnjẹ ránṣẹ́, ogun lè bẹ́. Ó ní kí olúkúlùkù mínísítà kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ kí a fi oúnjẹ ránṣẹ́. Ó rò ó títí, ó tún bi wọ́n ní ìparí oṣù náà, ọ̀pọ̀ sì ti yí èrò padà. Ó fi oúnjẹ ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Épírì, àwọn ará Gúúsù yìnbọn lu odi náà, ogun abẹ́lé sì bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ mẹ́rin mìíràn tún darapọ̀ mọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀.

Ọ̀ràn tí ó le jù ni ti àwọn ẹrú, tí wọ́n tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Lincoln kórìíra ẹrú níní, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń lo ẹrú kò tẹ̀lé àwọn ọlọ̀tẹ̀. Bí ó bá kánjú, àwọn náà lè lọ. Bí ó bá sì pẹ́ jù, àwọn ẹrú ni yóò máa ro oko tí ọ̀tá fi ń jẹun. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Júláì, ọdún 1862, ó ka ìwé àṣẹ ìdásílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ti pinnu, ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é ni òun fẹ́ gbọ́. Seward gbà á nímọ̀ràn pé kí ó dúró títí ogun yóò fi ṣẹ́, kí aráyé má baà rò pé àìrójú ni ó mú un ṣe é. Lincoln rí i pé òótọ́ ni, ó sì fi ìwé náà pamọ́. Lẹ́yìn ogun Antietam ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ó kéde rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Jánúárì, ọdún 1863, ó fọwọ́ sí i. Láti òwúrọ̀ ni ó ti ń bọ àwọn àlejò lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ó sinmi díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wo ìwé náà kí ó ní ó ṣiyèméjì. Àṣẹ náà kò kan àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́rin wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ibikíbi tí ọmọ-ogun rẹ̀ bá dé nílẹ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ ni ìdè ti ń já. Nǹkan bí 180,000 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú sì wọ iṣẹ́ ológun.

Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ọdún 1864, ó dà bí ẹni pé a kò ní tún un yàn. Ó kọ ìwé kan, ó ká a, ó sì ní kí àwọn mínísítà fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ láìkà á. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ohun tí ó kọ ni pé bí ẹlòmíràn bá wọlé, òun yóò bá a ṣiṣẹ́ pọ̀ láti gba orílẹ̀-èdè là kí òun tó gbé ipò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ni ó wọlé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Épírì, ọdún 1865, ọ̀gágun àgbà àwọn ará Gúúsù, Robert Lee, túúbá. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, John Wilkes Booth yìnbọn lu Lincoln nínú ilé eré. Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Stanton, tí kò kà á sí nígbà kan rí, wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún náà, òfin ilẹ̀ fòpin sí ẹrú níní ní gbogbo Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ojú Lincoln kò rí i.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ń gba ìmọ̀ràn kì í ṣe ọ̀lẹ. Lincoln fetí sí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá tó àkókò láti pinnu, òun tìkára rẹ̀ ni ó ń pinnu, kò sì di ẹrù rẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí. Ẹni tí ó bá lè bá alátakò rẹ̀ jókòó nítorí ire ìlú, irú wọn ni a ń fi joyè.