Abdur-Rahman As-Sufi, ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ wo ìràwọ̀

Bí a bá jáde ní mọ́sálááṣí ní Kábbà lẹ́yìn ìrun Iṣáì nínú oṣù Èrèlé, tí ọyẹ́ kò bo sánmọ̀, ìràwọ̀ pupa kan wà tó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín orí wa gan-an. Yadul-Jawzā' ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Àwọn òyìnbó ṣi orúkọ náà kà, ó di Betelgeuse.

Ìlú Rayy, ní ilẹ̀ Ìráànì, ni wọ́n ti bí As-Sufi lọ́dún 291 Híjíírà (903). Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Adud ad-Dawla, ọba ìdílé Buwayh, òun náà ló sì kọ́ ọba yìí ní ìmọ̀ ìràwọ̀.

Láyé ìgbà yẹn, ìwé Batlamiyus, tó ti tó 800 ọdún, ni gbogbo onímọ̀ gbójú lé. Batlamiyus pín ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sí ipò mẹ́fà, ọ̀pọ̀ kàn ń dà á kọ ni. Èyí kò tẹ́ As-Sufi lọ́rùn, ó sì bá wọn wí nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀. Ó jókòó ti sánmọ̀, ó wo ìràwọ̀ tó lé ní 1,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ohun tó rí bá ti yàtọ̀ sí ti Batlamiyus, ohun tó rí ló kọ. Ó tún fi ipò kéékèèké sáàárín ipò. (Ti ibùdó wọn ni kò tún wọ̀n, ó kàn ṣírò ọdún tó ti kọjá lé ti Batlamiyus ni.) Nǹkan bí ọdún 353 Híjíírà (964) ló kọ ìwé náà, Suwar al-Kawākib. Kì í ṣe ìwé yanrìn títẹ̀ o.

Kí ni èyí já mọ́? Yadul-Jawzā' jẹ́ ìràwọ̀ ràgàjì tó ti ń sún mọ́ òpin ayé rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Láti ìparí 2019 dé Èrèlé 2020, ó ṣú débi tí ojú lásán fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé eruku tó ti ara rẹ̀ jáde ló bò ó. Ó tún ní ìyípadà kan tó máa ń gba bí ọdún mẹ́fà. Lọ́dún 2025, àwọn tó ń lo awò ńlá Gemini ní Hawaii kéde pé ó jọ pé àwọn rí ìràwọ̀ kékeré kan tó ń yí i po, èyí tó lè jẹ́ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà kéré lójú ìràwọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìràwọ̀ ṣe tàn ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ìwé As-Sufi ni yóò ṣí, nítorí kò da ti ẹlòmíì kọ.

Ó kú lọ́dún 376 (986), kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Kòtò kan lójú òṣùpá ń jẹ́ Azophi, orúkọ rẹ̀ lẹ́nu òyìnbó. Ní Shiraz tó ti ṣiṣẹ́, Yadul-Jawzā' kì í dé àárín orí, gúúsù ló máa ń tẹ̀ sí. Àwa ní Kábbà ló ń gba orí wa kọjá.