Ọ̀gẹ́dẹ̀ǹgbé Agbógungbórò àti Ìbọn Ogun Kírìjì

Akọni jagunjagun ni Ọ̀gẹ́dẹ̀ǹgbé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn Ìbàdàn mú un lẹ́rú nígbà èwe rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ ogun. Nígbà tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ bá Ìbàdàn jà nínú ogun Kírìjì, láti 1877 dé 1893, òun ni ó di olórí ogun wọn.

Ìbọn ṣakabùlà ni tọ̀túntòsì kọ́kọ́ ń lò. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń ki ètù àti ọta. Ó ń falẹ̀, bí òjò bá sì pa ètù, kì í dún. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ìbọn òyìnbó tí à ń ki láti ìdí ránṣẹ́. Ètù àti ọta rẹ̀ jọ wà nínú idẹ kan ṣoṣo. Ó yára, ó sì ń ta jìnnà. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ilé kò lè rọ ọta rẹ̀. Bí ọ̀nà Èkó bá dí, ó di igi lásán.

Apá kan kò ṣẹ́gun èkejì. Àdéhùn 1886 ni ó rọ ìjà náà. Ọ̀gẹ́dẹ̀ǹgbé di Ọbańlá Iléṣà, ó sì papò dà ní 1910. Ìtàn rẹ̀ fi hàn pé agbára ìbọn kò ju ti ọ̀nà tí ọta rẹ̀ ń gbà wá lọ.