Rotimi Fani-Kayode: Ẹni tó kọ̀ kí wọ́n gé òun kúrò nínú fọ́tò

Ní ilé ìyá mi ní Òrò, fọ́tò àtijọ́ kan wà tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé ọkùnrin kan kúrò nínú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù, lórí èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin. Mo bèèrè títí, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Fọ́tò yẹn ni mo máa ń rántí tí mo bá gbọ́ orúkọ Rotimi Fani-Kayode.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Fẹ́mi olóṣèlú lẹ mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Rotimi. Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1955. Bàbá wọn, Olóyè Rẹ̀mí, ọmọ Ifẹ̀, ni igbákejì Akíntọ́lá nínú ìjọba Western Region. Nígbà tí àwọn ṣójà gbàjọba ní 1966, ìdílé náà kó lọ sí Brighton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rotimi kàwé ní Amẹ́ríkà, ó sì padà sí London ní 1983.

Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni, kò sì fi pa mọ́. Òun àti Alex Hirst tí wọ́n jọ ń fẹ́ra ló jọ ń ṣiṣẹ́. Ìhòòhò ọkùnrin dúdú ló ń yà, ó sì ń fi àṣà Yorùbá kún un. Ní 1987, ó kun ara ọkùnrin kan ní tótòtó, ó fi orúkọ Ṣọ̀pọ̀nná pè é. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í dédé pe orúkọ yẹn. Àsìkò tí àrùn éèdì ń pa àwọn èèyàn rẹ̀ nìyẹn, tí ojú sì ń ti aráyé láti sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Lọ́dún 1988, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin Section 28, pé ìjọba ìbílẹ̀ kankan ò gbọdọ̀ polongo ìfẹ́ akọ-sí-akọ. Ọdún yẹn náà ni Rotimi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Autograph sílẹ̀ fún àwọn ayafọ́tò dúdú. Òun ni alága àkọ́kọ́. Ó kú ní December 1989, ọmọ ọdún 34 péré. Autograph ṣì wà ní London títí dòní.

Nílé wa ńkọ́? Òfin ọdún 2014 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ọkùnrin méjì tó bá fẹ́ra. Àwọn kan ń pa fọ́tò rẹ́ nínú fóònù wọn, torí ọlọ́pàá lè yẹ̀ ẹ́ wò lójú títì.

Mi ò ní kí gbogbo wa gbà fún Rotimi. Àmọ́ èèyàn ni ẹni tí wọ́n gé kúrò nínú fọ́tò ilé wa, ó sì ní orúkọ. Tírú fọ́tò bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀, kí àlùmọ́gàjí tó dé ibẹ̀.