Von Rosen: Ọwọ́ Tó Gbé Oúnjẹ, Ọwọ́ Tó Yin Rọ́kẹ́ẹ̀tì

Gbogbo wa ní Zaria níbí la mọ ìró bàálù kéékèèké tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCAT fi ń kọ́ṣẹ́. Ta ló lè rò pé irú bàálù bẹ́ẹ̀ lè jagun? Carl Gustaf von Rosen rò ó, ó sì ṣe é, ní Nàìjíríà wa yìí.

Ọdún 1909 ni wọ́n bí i sí ìdílé ọlọ́lá ní Sweden. Nígbà tí Ítálì gbógun ti Etiópíà ní 1935, ó ń wa bàálù fún Red Cross níbẹ̀. Nígbà tí Rọ́ṣíà kọlu Finland, ó di bọ́ǹbù sínú bàálù akérò, ó fi jà fún Finland.

Ogun abẹ́lé tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Ní oṣù kẹjọ 1968, ó gbé oúnjẹ àti oògùn láti São Tomé lọ sí Uli ní Biafra. Ìyà tí ebi fi ń jẹ àwọn ọmọdé ibẹ̀ dùn ún wọra, ó wá gbà pé oúnjẹ nìkan ò tó.

Ó kó bàálù MFI-9B márùn-ún jọ. Bàálù ìkọ́ṣẹ́ oníjókòó méjì lásán ni, àmọ́ wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì 12 mọ́ abẹ́ ìyẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 1969, wọ́n fò súnmọ́ orí igi, wọ́n kọlu pápákọ̀ òfuurufú Port Harcourt. Lẹ́yìn náà ló kan ti Benin àti ti Enugu, àti ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Ughelli. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ! Síbẹ̀, wọn ò yí ogun padà. Oṣù kìíní 1970 ni Biafra túúbá.

Von Rosen ò fi ìrànwọ́ sílẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ náà ló wà ní Gode, Etiópíà, ní 1977, tí àwọn jagunjagun Sòmálíà fi kọlu ibẹ̀, tó sì kú. Ẹni ọdún 67 ni.

Àwọn kan ń pè é ní olùgbàlà, àwọn mìíràn ní àjèjì tó da iná sí ilé wa ni. Lójú tèmi o, n ò lè tìtorí oúnjẹ gbójú fo rọ́kẹ́ẹ̀tì, torí rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í béèrè pé ọmọ ta ni. N ò sì lè tìtorí rọ́kẹ́ẹ̀tì gbàgbé àwọn ọmọ tó bọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́ nípàdé wa.