Dúró Ládiípọ̀ àti ojú Ṣàngó lórí ìtàgé

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ẹ̀kọ́ ojú kíkùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ líísè tó ń ṣe eré orí ìtàgé, ohun tí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni iye àtíkè, búrọ́ọ̀ṣì àti dígí tí a ó rà. A kò tíì kọ ọ́ tán tí bàbá kan fi ránṣẹ́ sí wa pé ọmọkùnrin òun kò ní dirun, kò sì ní kun osùn, nítorí eré Ṣàngó. Onígbàgbọ́ ni wọ́n nílé wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wa padà sórí ìgbésí ayé Dúró Ládiípọ̀, torí pé ilé oníwàásù ni òun náà ti jáde.

Òṣogbo ni ìlú rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Joseph Ọ̀ní Ládiípọ̀, jẹ́ òjíṣẹ́ nínú ìjọ Áńgílíkà, ṣùgbọ́n onílù ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Abẹ́ òrùlé ìjọ ló ti dàgbà, tí ìlù àwọn olórìṣà sì ń dún sí i létí láti ìta. Ó ṣe olùkọ́ ilé ìwé, ó dé Kàdúná lẹ́nu iṣẹ́ náà, kí ó tó padà wá fìdí kalẹ̀ sílé.

Ní 1961 ló gbé orin Àjíǹde tó kọ wọ inú ìjọ ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù dùndún dání. Àwọn àgbà ìjọ kò gbà á. Ìlù tí wọ́n fi ń bọ òrìṣà, báwo ni yóò ṣe dún nínú ilé Ọlọ́run? Ládiípọ̀ kò bá wọn jà títí. Ó kó orin àti ìlù rẹ̀ jáde. Nígbà tó di 1962, òun àti Ulli Beier sọ ilé ọtí rẹ̀ di gbọ̀ngàn eré àti àwòrán, tí wọ́n pè ní Mbari Mbayọ̀. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n létí àwọn ará Òṣogbo, bí ẹni pé èèyàn ń sọ pé bí òun bá rí i, òun yóò yọ̀ ni.

Níbẹ̀ ni Ọba Kò So ti jáde ní 1963. Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó. Abíọ́dún, ìyàwó rẹ̀, ni Ọya. Bí àwọn ẹlẹ́gùn Ṣàngó ṣe ń dirun bí obìnrin, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dirun tirẹ̀. Ó wọ aṣọ pupa, bàtá ń ró lẹ́yìn rẹ̀, iná sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lójú àwọn èèyàn. Ní 1964 wọ́n gbé e lọ sí Berlin, ní 1965 wọ́n gbé e dé Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kò ti gbọ́ Yorùbá rárá. Lójú tiwa, ojú àti irun yẹn ló ṣe ògbufọ̀ fún wọn.

Ohun kan tí a kì í sábà rántí ni iná ìtàgé. Jimoh Buraimoh, tí ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà fún àwòrán onílẹ̀kẹ̀, ló ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ eré náà. Ẹni tó bá ń kun ojú láìbéèrè ibi tí iná yóò ti wá ń fi àtíkè ṣòfò ni. Iná tó ń bọ̀ láti òkè a máa sọ ihò ojú di òkùnkùn. Iná tó bá le jù a máa pa àwọ̀ rẹ́, ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò sì ní rí ju orí lásán lọ. Nítorí náà, lábẹ́ iná ni a ó ti máa kọ́ àwọn ọmọ, ẹnì kan yóò sì máa wò wọ́n láti ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn. Ẹfun díẹ̀ lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, èédú díẹ̀ nínú kòtò abẹ́ rẹ̀, ọmọ ọdún 16 á di arúgbó. Òrí ni wọn yóò kọ́kọ́ fi pa ojú, torí ẹfun a máa gbẹ awọ ara. Òróró ni wọn yóò sì fi nù ún kí ọṣẹ tó kàn án. Tìróò tiwa dára lójú, ṣùgbọ́n òjé máa ń wà nínú òmíràn, nítorí náà pẹ́ńsù ojú ni a ó lò, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Osùn a máa bá òógùn ṣàn sára aṣọ. Ẹ má fi kun ẹni tó máa wọ funfun.

Ládiípọ̀ kú ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta, 1978. Kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógún lọ tó fi ṣe iṣẹ́ Mbari Mbayọ̀ àti ohun tó tẹ̀lé e, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò lè ronú kan Ṣàngó kí ojú rẹ̀ má wá sí wọn lọ́kàn. A rò pé ìdí rẹ̀ ni pé kò ya ojú kan tó wù ú. Ojú tí àwọn tó ń sin Ṣàngó mọ̀ ló lọ wá. Àwọn ọmọ wa ní Kétu àti Sàbẹ́ kò nílò láti rìn jìnnà kí wọ́n tó rí irú ojú bẹ́ẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nílé wọn. Ọjọ́ kìíní ẹ̀kọ́, a ó mú wọn lọ bá àwọn àgbà tó ń kun ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí wọ́n tó fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì.

Ní ti bàbá tó ránṣẹ́ sí wa, a lọ kí i nílé. A ṣàlàyé pé òwú dúdú tí a dì, tí a rán mọ́ fìlà, ni Ṣàngó yóò dé, tí yóò sì ṣí i nígbà tí eré bá parí. Ó gbọ́, kò bínú, ṣùgbọ́n kò gbà. Ọmọ rẹ̀ ni yóò ṣe Gbọ́nká. Gbọ́nká kì í dirun.